Ẹ̀rọ Atúmọ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀rọ Tí Í Gba Ẹ̀rí Lẹ́nu Ìràwọ̀

Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni ọmọ aráyé ti ń gbójú sókè wo ìràwọ̀. Àgbẹ̀ ń wò ó kí ó lè mọ ìgbà, arìnrìn-àjò ń wò ó kí ó má baà ṣìnà, ọmọdé sì ń kà á títí oorun yóò fi gbé e lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tíì dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ kan rí láti mọ bí ó ti gbóná tó tàbí láti mọ ohun tí a fi dá a. Ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa jùlọ lẹ́yìn oòrùn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀, èyí tí ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fi ń lo ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí ó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni ìràwọ̀ fi ń ránṣẹ́ sí wa. Bí a óò bá mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, inú ìmọ́lẹ̀ náà ni a óò ti wá a.

Ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń pè ní spectrograph. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀ tí ó para pọ̀ di í. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ohun tí ó ṣòro jùlọ nínú ṣíṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kí ojú rẹ̀ mú. Òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe é wò fínnífínní, a óò rí i pé ohun tí ó ń gba làálàá lọ́wọ́ wọn jùlọ ni kí ẹ̀rọ náà dúró gbọnin-in ní ojú kan, kí ó má baà di ẹlẹ́rìí èké. Bí a ṣe ń ṣe èyí, àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì, ni kókó àpilẹ̀kọ yìí.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌMỌ́LẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1666, Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ihò kékeré kan wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó sì gbé gíláàsì onígun mẹ́ta sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun náà là sí àwọ̀ bí òṣùmàrè lára ògiri. Báyìí ni ó ṣe hàn pé àwọ̀ púpọ̀ ni ó wọnú ara wọn di ìmọ́lẹ̀ funfun.

Ní ọdún 1814, Joseph Fraunhofer, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì jẹ́ gíláàsì ṣíṣe, wo òṣùmàrè oòrùn yìí pẹ̀lú ohun èlò tí ó dára ju ti Newton lọ. Ó rí i pé òṣùmàrè náà kò já geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lé ní 500 ni ó dábùú rẹ̀. Kò mọ ohun tí ó fa ìlà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó kọ àyè púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1859, Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen ní ìlú Heidelberg wá ìtumọ̀ wọn rí. Olúkúlùkù èròjà ayé, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe èyí tí ó wà nínú iyọ̀, ní àwọn ìlà tirẹ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe máa ń fi ìdílé ènìyàn hàn láyé àtijọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú afẹ́fẹ́ tí ó yí ìràwọ̀ ká jáde, èròjà kọ̀ọ̀kan yóò gbé àwọ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ mì, àyè àwọ̀ náà yóò sì ṣófo. Ìlà dúdú ni àyè tí ó ṣófo yìí. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí àmì èròjà kan nínú oòrùn ní ọdún 1868 tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ní ayé. Wọ́n fi orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì sọ ọ́ ní helium. Ọdún 1895 ni William Ramsay tó rí i nínú òkúta ilẹ̀ ayé.

Ìlà dúdú wọ̀nyí tún ń sọ ohun kejì. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń fọn fèrè bọ̀ yóò ti kíyèsí i pé ohùn fèrè náà ga nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, ó sì rẹlẹ̀ nígbà tí ó kọjá lọ. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1842, ó sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ìlà rẹ̀ yóò sún díẹ̀ sí ìhà aró. Bí ó bá ń lọ, wọn yóò sún sí ìhà pupa. Ní ọdún 1868, William Huggins ní ìlú London lo ọgbọ́n yìí láti wá bí ìràwọ̀ Sirius ṣe ń rìn sí wa tàbí kúrò lọ́dọ̀ wa.

BÍ ÌSÚNKÚRÒ NÁÀ ṢE KÉRÉ TÓ

Kí ni ó mú kí ìsúnkúrò ìlà yìí di ohun tí àwọn onímọ̀ ń lépa tọ̀sán-tòru? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìbáṣepọ̀ ìràwọ̀ pẹ̀lú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká. Bí àgbàlagbà kan bá di ọmọdé lọ́wọ́ mú tí àwọn méjèèjì sì ń pòòyì, ọmọdé ni yóò máa fò yí ká, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà kò ní dúró ní ojú kan. Yóò máa mì díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìràwọ̀ ń mì nítorí pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i ká. Pílánẹ́ẹ̀tì náà kò tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ìtànṣán ìràwọ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìlà ìràwọ̀ bá ń sún sí ìhà aró, tí wọ́n tún ń sún sí ìhà pupa, tí wọn kò sì yẹ ìgbà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, a óò mọ̀ pé nǹkan kan ń fa ìràwọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìmì yìí kéré púpọ̀. Jupiter, tí ó tóbi jùlọ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn wa ká, ń mú kí oòrùn rìn síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀n mítà 12.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó sún mọ́ eré ẹni tí ó mọ eré sá jùlọ láyé. Ilé ayé tiwa ń mú un rin sẹ̀ǹtímítà 9 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó sún mọ́ ìrìn ìjàpá. Bí ìràwọ̀ bá rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn ìlà rẹ̀ yóò sún ní ìwọ̀n ìdá kan nínú 300,000,000 gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn. Irú ìwọ̀n báyìí ni ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀ ń lé.

BÍ ÌMỌ́LẸ̀ ṢE Ń GBA INÚ Ẹ̀RỌ NÁÀ KỌJÁ

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ó dára kí a mú ẹ̀rọ kan pàtó wò. HARPS ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ilé ìwòràwọ̀ La Silla, lórí òkè kan lẹ́bàá aṣálẹ̀ Atacama ní orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n tí ojú sánmà sì máa ń mọ́. Àwọn onímọ̀ ilé ìwòràwọ̀ ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, tí Michel Mayor jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ṣáájú nínú ṣíṣe rẹ̀. Ọdún 2003 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Awò ńlá tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ní dígí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3.6, èyí tí ń kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ sí ojú kan bí abọ́ tí a fi gbe omi òjò.

Láti ojú kan yìí ni ìmọ́lẹ̀ náà ti wọ inú fọ́nrán gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀ wà. Nígbà tí ó bá jáde lẹ́nu fọ́nrán, dígí kan yóò tò ó kí ìtànṣán rẹ̀ lè máa lọ ní ọgbọọgba. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá kan ohun tí í ṣe ọkàn ẹ̀rọ náà, èyíinì ni dígí onílà. Lójú dígí yìí ni a fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí lẹ́sẹẹsẹ, 31.6 nínú mìlímítà kan. Ẹni tí ó bá ti gbé àwo orin sídíì sínú oòrùn rí ti rí irú àwọ̀ tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lè tú jáde lára ìmọ́lẹ̀ funfun.

Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé ìlà orí dígí yìí kò pọ̀, nígbà tí dígí onílà mìíràn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà nínú mìlímítà kan. Ọgbọ́n kan ni ó wà níbẹ̀. Dídàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé dígí náà kalẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ rá lójú rẹ̀ kọjá, kí ó lè tú àwọ̀ ká ju bí òṣùmàrè lásán ti ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí mú wàhálà kan lọ́wọ́: dípò òṣùmàrè kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣùmàrè ni yóò jáde, gbogbo wọn yóò sì dà lé ara wọn lórí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé atúmọ́lẹ̀ kékeré kejì sẹ́yìn dígí onílà, tí ó dábùú ti àkọ́kọ́, kí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan sábẹ́ èkejì.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aṣọ òfì yóò tètè lóye ètò yìí. Ahunṣọ kì í hun aṣọ fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀já gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun, tí wọ́n óò gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n óò sì tò ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí yóò fi di odindi aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni HARPS ṣe tò òṣùmàrè ìràwọ̀ sí ọ̀já 72 lójú awo kan tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi gbogbo ọ̀já náà lé orí ara wọn ní gbọọrọ kan, gígùn wọn yóò ju mítà mẹ́rin lọ. Awo yìí ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àìmọye ojú kékeré, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ìdá 15 nínú mílíọ̀nù mítà kan.

Bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe mú tó ni pé ó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọ̀ méjì tí kò jìnnà síra ju ìdá kan nínú 115,000 lọ. Ó dà bí ẹni pé èyí pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀, kìlómítà méjì àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mítà kan ni à ń wá. Ìlà púpọ̀ ni a fi ń dí àlàfo yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ni ìràwọ̀ ní, gbogbo wọn ni ó sì ń sún pọ̀. Bí a bá wọn ìlà kan ṣoṣo, àṣìṣe rẹ̀ yóò pọ̀; bí a bá wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a sì wá àárín wọn, àṣìṣe náà yóò dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n àárín yìí kò wúlò bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá yẹsẹ̀, nítorí pé ìyẹsẹ̀ ẹ̀rọ yóò sún gbogbo ìlà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìrìn ìràwọ̀ ti ń ṣe.

AWÒ ŃLÁ, Ẹ̀RỌ ŃLÁ

Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kò pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣòfò lọ́nà kí ó tó dé ojú awo. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fẹ́ awò tí ó tóbi sí i. Àmọ́ bí awò bá ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀ ń pọ̀. Afẹ́fẹ́ ojú sánmà kì í sinmi; òun ni ó ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ tí ìbá hàn bí orí abẹ́rẹ́ yóò wá hàn bí àbàwọ́n kékeré kan, bí awò bá sì ti tóbi tó ni àbàwọ́n náà yóò ti fẹ̀ tó ní ojú tí awò kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí. Bí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ sílẹ̀ kí gbogbo àbàwọ́n náà lè wọlé, ìlà yóò sanra, ojú ẹ̀rọ kò sì ní mú mọ́. Bí a bá sún ẹnu ọ̀nà pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ awò ńlá yóò kù síta. Kí a má baà pàdánù èyíkéyìí nínú méjèèjì, dígí onílà àti gbogbo ohun tí ó yí i ká gbọ́dọ̀ tóbi bí awò ti ń tóbi, owó rẹ̀ yóò sì máa ga.

Ibi tí ọgbọ́n ti wá gbà wọ́n ni kí a pín ìmọ́lẹ̀ kí ó tó kan dígí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ESPRESSO, àbúrò HARPS, fún àwọn awò mẹ́rin tí dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mítà 8.2 ní Paranal, ní Chile kan náà, wọ́n ya ìmọ́lẹ̀ sí méjì, wọ́n sì mú kí ìdajì kọ̀ọ̀kan gba ojú dígí kan náà kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀ wọn kò nílò láti sọ dígí onílà náà di ìlọ́po méjì. Ojú ESPRESSO mú dé ìdá kan nínú 140,000. Ìparí ọdún 2017 ni ó kọ́kọ́ gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2018, ó gba ìmọ́lẹ̀ láti inú awò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀.

OORU ÀTI AFẸ́FẸ́

Ọ̀tá tí ó le ju títóbi lọ ni ooru. Bí a bá mú irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ooru rẹ̀ sì fi dígírì kan péré pọ̀ sí i, irin náà yóò gùn sí i ní ìwọ̀n ìdá 12 nínú mílíọ̀nù mítà kan. Ojú ènìyàn kò lè rí èyí. Ṣùgbọ́n ojú kékeré kọ̀ọ̀kan lórí awo HARPS kò fẹ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù mítà lọ, ìsúnkúrò ojú kan sì dúró fún nǹkan bí mítà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni pé dígírì ooru kan, tí ẹni tí ó jókòó sínú yàrá kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó yí padà, lè sún ìlà kúrò ní àyè rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ju ohun tí pílánẹ́ẹ̀tì kékeré lè sún un lọ.

Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ kì í yára nínú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń yára nínú òfìfo, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ki tó ni yóò ti fà á sẹ́yìn tó. Bí ìwúwo afẹ́fẹ́ bá fi mílíbáà kan yí padà, èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ìlà yóò sún bí ẹni pé ìràwọ̀ ti fi mítà 80 ó lé díẹ̀ yí eré rẹ̀ padà. Bí òjò bá ṣú, bí ọ̀yẹ́ bá dé, ẹ̀rọ tí kò ní ààbò yóò ka gbogbo rẹ̀ sí ìròyìn láti ojú ọ̀run.

Láyé àtijọ́, ara awò gan-an ni wọ́n máa ń so ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀ mọ́. Bí awò bá yí láti tẹ̀lé ìràwọ̀, ẹ̀rọ náà yóò dàgẹ̀rẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Fọ́nrán gíláàsì ni ó tú u sílẹ̀ nínú ìdè yìí. Nípa ti HARPS, wọ́n gbé e kalẹ̀ sínú yàrá tí ènìyàn kì í sábà wọ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú àgbá irin ńlá kan, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú àgbá náà jáde títí ohun tí ó kù kò fi tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíbáà. Ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì lọ. Lára gíláàsì àkànṣe tí ooru kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gùn ni wọ́n tẹ ìlà dígí onílà náà sí. Nínú gbogbo èyí, a lè sọ pé iṣẹ́ olùṣẹ̀rọ ni láti wá ohun gbogbo tí ó lè mì, kí ó sì mú un dúró.

ẸLẸ́RÌÍ KEJÌ

Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, kò sí ohun tí a fi irin àti gíláàsì ṣe tí kò ní yẹsẹ̀ rárá. Ibi tí ọgbọ́n àwọn olùṣẹ̀rọ ti wá bá ọgbọ́n àwọn àgbà Yorùbá mu nìyí. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé ìlà ìràwọ̀ ti sún, a kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ láìjẹ́ pé a ti gbọ́ ti ẹlòmíràn tí ó wà níbẹ̀ ní àkókò kan náà.

Nítorí ìdí èyí, fọ́nrán méjì ni ó wọ inú HARPS. Ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Èkejì lè máa gbé ìmọ́lẹ̀ àtùpà kan tí èròjà thorium ń tàn nínú rẹ̀. Àtùpà yìí kò lọ síbì kankan; àyè tí ìlà rẹ̀ wà nínú òṣùmàrè ti di mímọ̀. Ọ̀já ìràwọ̀ àti ọ̀já àtùpà jọ ń bọ́ sójú awo kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní wákàtí kan náà. Bí méjèèjì bá jọ sún, a mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó yẹsẹ̀, a óò sì yọ ìyẹsẹ̀ náà kúrò. Bí ti ìràwọ̀ nìkan bá sún, ọ̀rọ̀ di ti ìràwọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò tún yọ ìrìn ilé ayé kúrò, nítorí pé ayé tí ẹ̀rọ dúró lé lórí ń sáré yí oòrùn ká ní nǹkan bí 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀nà yìí ni ẹ̀gbọ́n HARPS, tí í ṣe ELODIE, lò ní ilé ìwòràwọ̀ Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1993. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz kéde pé ìràwọ̀ 51 Pegasi ń lọ ó ń bọ̀ ní ìwọ̀n nǹkan bí mítà 59 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni ó fi ń parí ìyípo kan. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni ó ń fà á. Òun ni àkọ́kọ́ tí a rí lẹ́bàá ìràwọ̀ tí ó dà bí oòrùn wa, àwọn méjèèjì sì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Àtùpà pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Ìlà rẹ̀ kò tò dọ́gbadọ́gba, ó sì ń gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ẹlẹ́rìí tí ó dára jù ú lọ, èyíinì ni òòyà ìmọ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ó mú kí John Hall àti Theodor Hänsch wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Ìmọ́lẹ̀ lésà ni, àwọn ìlà rẹ̀ sì tò bí eyín òòyà, tí aago átọ́ọ̀mù ń ṣọ́ wọn kí ọ̀kan má baà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀.

ẸJỌ́ ÌRÀWỌ̀ BARNARD

Ẹni tí ó bá ń rò pé ìṣọ́ra yìí ti pọ̀ jù, kí ó gbọ́ ìtàn ìràwọ̀ Barnard. Ìràwọ̀ kékeré pupa ni, ó sì jìnnà sí wa ní ìwọ̀n ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún mẹ́fà. Láti ọdún 1938 ni Peter van de Kamp ti ń fi awò ilé ìwòràwọ̀ Sproul ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ atúmọ́lẹ̀ ni ó lò. Àyè tí ìràwọ̀ náà wà láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù ni ó ń wọ̀n. Ní ọdún 1963, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí i ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, nítorí pé aláápọn àti olóòótọ́ ni ọkùnrin náà.

Ní ọdún 1973, George Gatewood àti Heinrich Eichhorn fi àwòrán láti ibòmíràn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò sì rí pílánẹ́ẹ̀tì kankan. Lọ́dún kan náà, John Hershey fi hàn pé àwọn ìràwọ̀ mìíràn tí awò Sproul ti yà náà fò kúrò ní àyè wọn ní ìgbà kan náà, àti pé ìgbà náà bọ́ sí àkókò tí wọ́n tún gíláàsì awò ọ̀hún ṣe, bí irú ti ọdún 1949. Kì í ṣe ìràwọ̀ ni ó mì, awò ni. Van de Kamp kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, oṣù díẹ̀ kí a tó gbọ́ ìròyìn 51 Pegasi. Ẹnikẹ́ni kò lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní irọ́, nítorí pé ohun tí ó rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó mì ti dá ayé kan tí kò sí sílẹ̀, ayé náà sì wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tí ń lo HARPS pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ewu yìí. Ní ọdún 2012, wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá ìràwọ̀ Alpha Centauri B, tí ìmì rẹ̀ kò ju ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó di ọdún 2015, àwọn onímọ̀ mìíràn fi hàn pé ìgbà tí a wo ìràwọ̀ náà àti ìgbà tí a kò wò ó ni ó dárà sínú ìṣirò, tí ó sì jọ pílánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2015 yìí kan náà, wọ́n pààrọ̀ fọ́nrán HARPS sí oníhà mẹ́jọ, nítorí pé ó ń po ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju ti olóbìírípo lọ. Ẹ̀rọ náà dára sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó dà bí ẹni pé àwọn ìràwọ̀ yí eré wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn onímọ̀ sì ní láti máa ka ìwọ̀n tí ó ṣáájú ìgbà náà àti èyí tí ó tẹ̀lé e bí iṣẹ́ ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àtúnṣe pàápàá ní owó tí ó ń gbà.

Síbẹ̀, ìsapá náà kò já sí asán. Ní ọdún 2016, HARPS ni ó ṣe gudugudu méje nínú rírí pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí Proxima Centauri ká, ìràwọ̀ tí ó sún mọ́ wa jùlọ lẹ́yìn oòrùn; ọjọ́ 11 ó lé díẹ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì náà fi ń yí i po. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tí ń lo ESPRESSO kéde pílánẹ́ẹ̀tì kékeré kan lẹ́bàá ìràwọ̀ Barnard gan-an, èyí tí ń yí i ká ní ọjọ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀, tí kò sì mú un rìn ju nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọdún 2025, pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn tí a ń pè ní MAROON-X ní Hawaii, iye wọn di mẹ́rin. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó jọ èyí tí Van de Kamp rò pé òun rí. Ẹ̀rọ méjì tí ó wà lórí òkè méjì tí ó jìnnà síra, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kan náà ṣe, ni ó jẹ́rìí sí wọn.

OHUN TÍ Ó KÙ

Sẹ̀ǹtímítà 9 tí ilé ayé fi ń mi oòrùn ṣì wà níwájú. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn nígbà tí wọ́n ń ṣe ESPRESSO, bí ẹ̀rọ sì ti ń dúró ṣinṣin sí i ni ó ń hàn pé ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ojú ìràwọ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ lórí iná, àbàwọ́n dúdú sì ń yọ lára rẹ̀, ó ń pòórá. Gbogbo ìwọ̀nyí lè sún ìlà ní mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yíya ariwo ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìfà pílánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ báyìí, kò sì sí àgbá irin tí ó lè ṣe é fún wọn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí kọjá ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ nìkan. Ẹni tí yóò bá wọn ohun kékeré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń mì tó. Dígí onílà àti fọ́nrán, àgbá òfìfo àti àtùpà, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn wà fún: ta ni ó yẹsẹ̀, ìràwọ̀ ni tàbí ẹni tí ń wò ó? Ẹ̀rọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí láìṣègbè ni àwọn onímọ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ó bá sọ pé òun ti rí ayé mìíràn.